Cross-compile fún Pi Zero, ráútà àti àwọn bọ́ọ̀dù kékeré: ẹ bá wa dá sí i

ỌmọAkábà, Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ètò kan tí mo fi C++ kọ. Ó ń ka sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin ilẹ̀ nínú oko tòmátò, ó ń tọ́jú ohun tó kà sínú SQLite (ibi ìpamọ́ dátà kékeré), ó sì ń fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú MQTT (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ fún ẹ̀rọ kékeré) nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. CMake, irinṣẹ́ tó ń ṣètò compile, ni mo ń lò. Bọ́ọ̀dù tí yóò gbé e ni Raspberry Pi Zero W, ti àtijọ́, èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 512 MB. Bí mo bá ní kí Pi fúnra rẹ̀ compile ẹ, mà á jẹun, mà á wẹ̀, mà á padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Nígbà míì RAM á tán, wọ́n á pa cc1plus láàárín ọ̀nà.

Nítorí náà mo fẹ́ cross-compile, ìyẹn ni kí n sọ kóòdù di ètò lórí kọ̀ǹpútà mi fún ṣípù bọ́ọ̀dù náà. Kọ̀ǹpútà mi jẹ́ x86_64 (Intel/AMD 64-bit), Ubuntu 22.04 ló wà lórí ẹ̀. Mo fi apt gbé gcc-arm-linux-gnueabihf àti g++ rẹ̀ wọlé. Ó compile wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ráhùn rárá. Mo gbé e dé orí Zero, ó ní "Illegal instruction". Mo gbé e dé orí Pi 3 ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Raspberry Pi OS ti Bullseye, ìyẹn ní "GLIBC_2.34 not found". Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá sì ní ìmọ̀ràn lórí bọ́ọ̀dù mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, torí àwa tó ń ṣe irú nǹkan yìí ní Kétu ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àjàṣẹ́_Terminal, Àjàṣẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, má dà wọ́n pọ̀.

Ká mú ti Zero kọ́kọ́. Ṣípù tó wà nínú ẹ̀ ni BCM2835, ARM1176 ló wà níbẹ̀, ARMv6 sì ni ìyẹn, ìran ṣípù ARM tó ṣáájú ARMv7. Gcc tí o gbé wọlé láti Ubuntu, ARMv7 ló ń compile fún. Orúkọ ló ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀. Debian àti Ubuntu ń pe ARMv7 tiwọn ní armhf. Raspberry Pi OS 32-bit náà ń pe tirẹ̀ ní armhf. Àmọ́ àwọn tó dá Raspbian sílẹ̀ tún gbogbo package Debian compile fún ARMv6 kí Pi àkọ́kọ́ lè gbé e. Orúkọ kan náà ni, ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kí o kàn fi -march=armv6 kún un. Kóòdù tìrẹ á di v6 lóòótọ́, àmọ́ crt1.o, libgcc àti libc, àwọn fáìlì ìpìlẹ̀ tí linker (ohun tó ń so kóòdù pọ̀ mọ́ láíbìrì) máa so mọ́ ọn, v7 ni wọ́n láti ọ̀dọ̀ Ubuntu wá. Kó tó dé main tìrẹ rárá ló ti máa kú. Yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí o tó gbé e lọ sóko (ká ní oko ni orúkọ fáìlì ètò rẹ):

`readelf -A oko | grep CPU_arch`

Bí ó bá ní v7, má wulẹ̀ yọ káàdì Zero jáde.

Ẹjọ́ kejì, ti Pi 3. Ubuntu 22.04 ń lo glibc 2.35 (glibc ni láíbìrì C tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbára lé), Bullseye tí í ṣe Debian 11 ń lo 2.31. Nígbà tí wọ́n gbé glibc 2.34 jáde ní 2021, wọ́n da libpthread pọ̀ mọ́ libc, wọ́n sì fún __libc_start_main ní àmì tuntun. Nítorí náà, ohun yòówù kí o compile lórí 2.34 sókè, bó jẹ́ ètò tó kàn ń kọ "Ẹ káàbọ̀" lásán, á béèrè 2.34. Ètò tí a compile pẹ̀lú glibc àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun, tuntun kì í ṣiṣẹ́ lórí àtijọ́. O gbọ́dọ̀ so ètò rẹ mọ́ láíbìrì tó bá ti bọ́ọ̀dù mu. Fa /usr/include àti /usr/lib láti orí Pi wá sínú fódà kan pẹ̀lú rsync, fi fódà náà ṣe sysroot (ibi tí compiler á ti máa wá láíbìrì bọ́ọ̀dù), kí o sì lọ.

ÀǹtíMake, Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Terminal, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ "kí o sì lọ" yẹn ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ti máa ń rì.

Gcc tí Ubuntu ṣe fún cross-compile ní fódà tirẹ̀ tó máa ń wò, /usr/arm-linux-gnueabihf/lib. Bí ẹ tiẹ̀ fún un ní sysroot, ó ṣì lè yà síbẹ̀ lọ mú libc 2.35, ẹ ò ní mọ̀. Ẹni tó bá ta kú pé sysroot lòun fẹ́, kó fi `-Wl,--trace` kún àṣẹ linker rẹ̀. Á kọ orúkọ gbogbo fáìlì tí ó mú, ẹ ó sì rí ibi tó ti lọ jalè. Ohun kejì ni libstdc++, láíbìrì C++. Bí g++ tí ẹ fi compile bá ju ti bọ́ọ̀dù lọ, ẹ máa bọ́ lọ́wọ́ GLIBC kẹ́ ẹ tún bọ́ sọ́wọ́ GLIBCXX.

Fún Pi 3, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ mú Debian tó jẹ́ ẹgbẹ́ ti bọ́ọ̀dù náà gan-an, kí ẹ fi í sínú container (àyè àdádó tó ní Linux tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín), kí ẹ compile níbẹ̀:

`docker run -it -v "$PWD":/ise -w /ise debian:bullseye bash`
`dpkg --add-architecture armhf`
`apt update`
`apt install cmake pkg-config crossbuild-essential-armhf libsqlite3-dev:armhf libmosquitto-dev:armhf`

Gcc, glibc, libstdc++, gbogbo wọn á jẹ́ ọjọ́ orí kan náà pẹ̀lú ti Pi. Kò sí rsync, kò sí symlink tó já. Fáìlì toolchain (compiler àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀) fún CMake kò ní ju báyìí lọ:

```
set(CMAKE_SYSTEM_NAME Linux)
set(CMAKE_SYSTEM_PROCESSOR arm)
set(CMAKE_C_COMPILER arm-linux-gnueabihf-gcc)
set(CMAKE_CXX_COMPILER arm-linux-gnueabihf-g++)
```

CMAKE_SYSTEM_NAME yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Òun ló ń sọ fún CMake pé ẹ̀rọ tí a ti ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ń lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, CMake á rò pé ilé ló wà.

CMake inú Bullseye jẹ́ 3.18, kò mọ `--toolchain`, 3.21 ni wọ́n fi ìyẹn kún un. Ẹ lo èyí:

`cmake -S . -B build-pi3 -DCMAKE_TOOLCHAIN_FILE=pi3.cmake`

Bí ẹ bá sì yí ohunkóhun padà nínú fáìlì toolchain, ẹ pa fódà build-pi3 rẹ́ pátápátá kí ẹ tó tún ṣe é. Compiler tí CMake bá yàn lẹ́ẹ̀kan, inú CMakeCache.txt ló ń gbé, kì í gbọ́ tẹnu yín mọ́.

ỌmọAkábà, Kétu

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Mo ti ṣe ti container. Compile ń lọ, ìgbà tó kan linker ló ní:

`skipping incompatible /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libmosquitto.so when searching for -lmosquitto`

Mo fi libmosquitto-dev lásán kún un nígbà kan kí n tó fi ti armhf. Ṣé òun ló fà á? Pkg-config, irinṣẹ́ tó ń sọ ibi tí láíbìrì wà, ni mo fi ń wá mosquitto, láíbìrì MQTT, nínú CMakeLists mi.

ÀǹtíMake, Àjàṣẹ́

Òun nìkan kọ́, ọmọ mi. Òun ló gbé fáìlì náà wá, àmọ́ pkg-config ló júwe ẹ̀. Láíbìrì inú ẹ̀rọ tó ń gbé e ló máa ń júwe, àyàfi tí o bá darí ẹ̀:

`export PKG_CONFIG_LIBDIR=/usr/lib/arm-linux-gnueabihf/pkgconfig:/usr/share/pkgconfig`

LIBDIR ni mo wí o, mi ò wí PATH. PKG_CONFIG_PATH kàn máa ń fi ibi tuntun kún ibi tó ti ń wò tẹ́lẹ̀ ni, kì í mú ti x86_64 kúrò. LIBDIR ló ń gbapò rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń lo sysroot, kó fi PKG_CONFIG_SYSROOT_DIR náà kún un kí ọ̀nà tó bá jáde lè bẹ̀rẹ̀ láti inú sysroot. Ṣe é, pa build-pi3 rẹ́, tún un ṣe.

Àjàṣẹ́_Terminal, Àjàṣẹ́

Àǹtí ti sọ ọ́. Mo gbà pé container dára ju sysroot lọ fún Pi 3, èmi náà á máa lò ó báyìí.

Kí n sọ ti àwọn tó ń bá autotools (àwọn irinṣẹ́ tó ń lo `./configure`) jìjàkadì, torí bí ẹ bá fẹ́ compile láíbìrì ẹlòmíràn, ẹ máa bá a pàdé. Nínú `./configure`, `--build` ni ẹ̀rọ tí ẹ jókòó tì, `--host` ni ẹ̀rọ tí ètò náà máa ṣiṣẹ́ lé lórí. `--target` wà fún àwọn tó ń compile compiler fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Mo máa ń rí àwọn èèyàn tó ń kọ `--target=arm-linux-gnueabihf`, tí configure ń dákẹ́, tó ń compile x86_64 fún wọn títí dé òpin.

Bó bá ní "cannot run test program while cross compiling", ìyẹn ni pé ó fẹ́ ṣe ìdánwò kékeré kan tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ARM, kò sì rí ARM níwájú rẹ̀. Ẹ ṣí config.log, ẹ wá orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ac_cv_ tó ń wá ìdáhùn sí, kí ẹ fún un ní ìdáhùn fúnra yín lórí àṣẹ. Ti CMake náà ní irú ẹ̀, try_run lorúkọ tirẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ lè gbé qemu-user (ohun tó ń ṣe bíi ṣípù ARM) wọlé kí ẹ fi CMAKE_CROSSCOMPILING_EMULATOR tọ́ka sí qemu-arm.

Kékeré_ESP, Kétu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Kí ni ènìyàn fi ń mọ ohun tí bọ́ọ̀dù ń lò ná? Èmi kàn máa ń tẹ `uname -m` ni. Pi 4 ilé ìwé wa ní aarch64 (ARM 64-bit), mo compile fún aarch64, ó sì kọ̀. Ó ní "No such file or directory", bẹ́ẹ̀ fáìlì wà níbẹ̀, mo ń fojú rí i.

Àjàṣẹ́_Terminal, Àjàṣẹ́

Má gbára lé uname. Kernel (ọkàn Linux) ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò mọ ohun tó wà lókè ara rẹ̀. Láti 2023, Raspberry Pi OS 32-bit lórí Pi 4 máa ń fi kernel 64-bit bẹ̀rẹ̀, gbogbo ètò orí rẹ̀ sì jẹ́ 32-bit. Tẹ èyí:

`dpkg --print-architecture`

Ó dá mi lójú pé armhf ló máa kọ. Ṣe é ní armhf.

OkeṢàbẹ́, Ṣàbẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń kà á láti òwúrọ̀, n kò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé Zero ọmọkùnrin yìí. Container Bullseye kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, torí armhf Debian ni, ARMv7 náà ni.

Buildroot ni kó lò. Ó ń compile compiler, ó ń compile láíbìrì, ó ń compile kernel, ó sì ń fún ẹ ní odidi káàdì tó ṣe é fi sínú bọ́ọ̀dù. Ó ti mọ Zero W:

`make raspberrypi0w_defconfig`
`make menuconfig`
`make source`
`make`

Nínú menuconfig, wá mosquitto àti sqlite, fàmì sí wọn. Wo C library tó wà lábẹ́ Toolchain: glibc, musl, uClibc-ng. Yan ọ̀kan kí o tó compile, torí bí o bá yí i padà lẹ́yìn náà, `make clean` ló kàn, gbogbo ẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

`make source` yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí, ẹ̀yin tó ń ra forfait (dátà íntánẹ́ẹ̀tì). Òun nìkan ló ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fa gbogbo orísun kóòdù wá sínú fódà dl, lẹ́yìn ìyẹn `make` kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Nílé mi lókè yìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n gbé laptop lọ síbi tí wifi ti dára, kí n tẹ `make source`, kí n padà sílé, kí n wá compile ní àfọwọ́rọ̀. Ẹ fi BR2_DL_DIR tọ́ka sí fódà kan tí kò sí nínú Buildroot, kí iṣẹ́ kejì àti ìkẹta lè máa lo ohun tí ẹ ti fà sílẹ̀. Ẹ lè kó fódà yẹn sórí clé USB fún ẹlòmíràn, kò ní fa byte kan mọ́ bí version Buildroot yín bá dọ́gba. Emi àti àwọn kan ní ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ láàárín `make`, tí bátìrì náà bá kú, Buildroot mọ package tó ti parí, á bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó wà lọ́wọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yẹn ni kí ẹ má fọkàn tán. Ó lè ti fi fáìlì .o tí kò ní nǹkan kan nínú sílẹ̀, make á sì rò pé ó ti ṣe tán, linker á wá ní òun kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Má wá àṣìṣe nínú kóòdù. Ká ní mosquitto ló wà lórí ẹ̀:

`make mosquitto-dirclean`
`make`

Ó tán.

Yocto_Faransé, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Yocto, tí òun náà ń kọ́ odidi Linux fún bọ́ọ̀dù bíi Buildroot? Níbi iṣẹ́ mi òun nìkan la ń lò. Sstate rẹ̀ máa ń tọ́jú ohun gbogbo tí a bá ti compile. Bí a bá yí C library tàbí package kan padà, ohun tó kàn nìkan ló ń tún ṣe, kì í ṣe bíi Buildroot tó ní kí ẹ make clean. Layer (àkójọ ètò fún bọ́ọ̀dù kan) sì wà fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan, tó fẹ́ máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀dù fún ọdún mélòó kan, Yocto ni.

OkeṢàbẹ́, Ṣàbẹ́

Ọ̀gá, ẹ̀rí yín tọ́, àmọ́ ọmọ yìí ní bọ́ọ̀dù kan àti ètò kan. Ìwé Yocto fúnra rẹ̀ ní kí èèyàn ní ààyè tó pọ̀ gan-an lórí dísíkì. Laptop ta ni kí ó fi ṣe é? Kí a gbé e fún un, bí ẹni tó gba ọkọ̀ akẹ́rù láti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan lọ sọ́jà ni.

Yocto_Faransé, Àjàṣẹ́

Haha, mo gbà. Bí ó bá di ẹgbẹ̀rún apẹ̀rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè mí.

Kí n fi èyí kún un kí n tó lọ, ó kan gbogbo yín tó ń lo Ubuntu ní Faransé. Bí gcc bá ní "erreur fatale: sqlite3.h: Aucun fichier ou dossier de ce type", tí ẹ sì fi gbólóhùn yẹn wá nǹkan lórí Google, ìdáhùn díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ kọ `LC_ALL=C` ṣáájú àṣẹ:

`LC_ALL=C cmake --build build-pi3`

Gbogbo àṣìṣe á jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì rí ẹni tó ti jìyà ẹ̀ ṣáájú yín. Ó tún ń gbà yín lọ́wọ́ script tó ń ka nọ́ńbà. Ní Faransé, kọmá ni a fi ń pín nọ́ńbà, 2,5. Script tó ń retí 2.5 lè ṣìnà níbẹ̀ láìsọ fún yín.

Fódà náà ńkọ́? "Nouveau dossier". Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ti ba compile tó pọ̀ jẹ́. Makefile gbà pé àlàfo ń pín fáìlì sí méjì. Ẹ fi iṣẹ́ yín sí fódà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà lásán, láìsí àlàfo, láìsí àmì ohùn.

ÀǹtíMake, Àjàṣẹ́

Ó ṣeun, ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn dára. Ẹ̀yin tó ń lo WSL lórí Windows náà, Buildroot á kọ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀, á ní PATH yín ní àlàfo nínú. "Program Files" ti Windows ló wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ PATH tuntun kúkúrú kí ẹ tó make:

`PATH=/usr/local/sbin:/usr/local/bin:/usr/sbin:/usr/bin:/sbin:/bin make`

Ẹ má sì fi iṣẹ́ náà sí /mnt/c. Ó ń falẹ̀ débi pé ẹ máa rò pé ó ti dúró. Inú home ti Linux ni kí ẹ fi í sí.

Ráútà_Wàńdó, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi níkọ̀kọ̀ nípa ráútà, mo máa kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé rí i. Èmi ń ra ráútà àlòkù, mo ń fi OpenWrt (Linux fún ráútà) sí i, mo ń fi ètò kékeré sínú rẹ̀ tó ń ka iye dátà tí oníkálukú lò.

Kọ́kọ́ wọ inú ráútà náà, tẹ `cat /etc/openwrt_release`. Wo ìlà DISTRIB_ARCH. Bó bá jẹ́ mips_24kc, big-endian ni (báìtì ńlá ló ṣáájú nínú nọ́ńbà). Bó bá jẹ́ mipsel_24kc, little-endian ni (báìtì kékeré ló ṣáájú). Lẹ́tà méjì péré ló yàtọ̀, wọn ò sì lè gbé ètò ara wọn. Àṣẹ `file` á sọ fún ẹ èyí tí o compile: MSB ni big, LSB ni little.

SDK (àkójọ irinṣẹ́ fún compile) tí o bá fà láti ọ̀dọ̀ OpenWrt gbọ́dọ̀ bá version tó wà nínú ráútà mu, kó sì bá target mu. Musl ni OpenWrt ń lò, kì í ṣe glibc, nítorí náà má gbé ohun tí o compile fún Pi lọ síbẹ̀ kí o wá máa bínú. Ráútà mi ní flash 8 MB, mo gbọ́dọ̀ máa `strip` ohun gbogbo, kí n yọ ohun tí kò pọn dandan kúrò nínú fáìlì.

Kí n sọ òtítọ́: èmi ti fi C++ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Go, èdè mìíràn, ni mò ń lò báyìí:

`CGO_ENABLED=0 GOOS=linux GOARCH=mipsle GOMIPS=softfloat go build -ldflags="-s -w"`

Softfloat yẹn pọn dandan, torí ọ̀pọ̀ ṣípù ráútà kò ní ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò onídẹ́símà. Kò sí toolchain, kò sí sysroot. Fún Zero, GOARCH=arm àti GOARM=6. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé fáìlì rẹ̀ máa ń tóbi, ẹ sì rántí flash 8 MB.

Àjàṣẹ́_Terminal, Àjàṣẹ́

Bí CGO_ENABLED=0 bá wà, ẹ má retí pé láíbìrì SQLite tó ń pe C lábẹ́ máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi Go nìkan kọ.

ỌmọAkábà, Kétu

Ẹ kú ìnáwó ọpọlọ, ẹ̀yin àgbà. Ìròyìn rèé. Pi 3 ti ń ṣiṣẹ́, PKG_CONFIG_LIBDIR ló yanjú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé e lọ.

Zero: mo lo Buildroot, mo yan musl. Mo fi fáìlì tí Buildroot ṣe sílẹ̀, output/host/share/buildroot/toolchainfile.cmake, compile ètò mi. Readelf ní v6! Àmọ́ n kò tíì fẹ́ pa káàdì Zero rẹ́, Raspberry Pi OS ló ṣì wà lórí ẹ̀, torí náà mo kàn gbé ètò náà sí i. Òun náà wá ní "No such file or directory", bíi ti Kékeré_ESP.

OkeṢàbẹ́, Ṣàbẹ́

`readelf -l oko | grep interpreter`

Á kọ /lib/ld-musl-armhf.so.1 fún ẹ. Ìyẹn ni fáìlì tí kò sí. Ètò rẹ wà níbẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbé e dìde, ìyẹn loader, ni kò sí, torí Raspberry Pi OS ń lo glibc, tirẹ̀ ní /lib/ld-linux-armhf.so.3. Ti Kékeré_ESP náà nìyẹn: ètò 64-bit rẹ̀ ń wá loader 64-bit lórí ilé 32-bit.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, padà sínú menuconfig, lábẹ́ Build options yan pé kí láíbìrì jẹ́ static (tó wọ inú ètò) àti shared (tó wà lọ́tọ̀) pọ̀, `make clean`, `make`, kí o wá fi `-DCMAKE_EXE_LINKER_FLAGS=-static` compile ètò rẹ. Pkg-config gbọ́dọ̀ gba `--static` kó lè dárúkọ àwọn láíbìrì tí mosquitto fúnra rẹ̀ gbára lé. Fáìlì á tóbi díẹ̀, kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Musl dára fún èyí, glibc kì í fẹ́ static tọkàntọkàn.

Èkejì ni èyí tí èmi yóò ṣe: gbàgbé Raspberry Pi OS. Ra káàdì kékeré mìíràn, fi output/images/sdcard.img sí i:

`sudo dd if=output/images/sdcard.img of=/dev/sdX bs=4M conv=fsync`

Fi orúkọ káàdì rẹ rọ́pò sdX. Tẹ `lsblk` kí o tó tẹ Enter, kó má lọ jẹ́ dísíkì laptop. Bọ́ọ̀dù tó wà lóko kò nílò tábìlì àwòrán àti ohun tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lórí forfait rẹ.

Kékeré_ESP, Kétu

Ẹ ṣeun, ó ti yé mi. Ẹ̀gbọ́n, ESP32 (ṣípù kékeré tó ní wifi) ńkọ́? Ṣé gbogbo èyí kàn án?

OkeṢàbẹ́, Ṣàbẹ́

Rárá, àbúrò. Kò sí Linux lórí ẹ̀, kò sí glibc, kò sí loader. ESP-IDF, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò fún un, ti kó toolchain wá fúnra rẹ̀. `idf.py set-target esp32c3`, `idf.py build`, `idf.py flash monitor`. Ohun kan ṣoṣo ni kí o mọ̀: ESP32 àkọ́kọ́ jẹ́ Xtensa, C3 jẹ́ RISC-V, nítorí náà wo ohun tí wọ́n kọ sára irin tó bo ṣípù náà kí o tó yan target. Bí o bá ní ìṣòro lórí ẹ̀, ṣí ojú ewé tuntun fún un, ti ọmọkùnrin yìí ti gùn jù.

ỌmọAkábà, Kétu

Static ti ṣiṣẹ́ lórí Zero, ó ń ka sẹ́ńsọ̀ báyìí. Mà á ra káàdì kejì fún sdcard.img lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀gbọ́n OkeṢàbẹ́, bí ẹ bá ń bọ̀ ní Kétu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fódà dl yín dání.